Trine: èwo la máa kọ́kọ́ gbá tá a bá jẹ́ mẹ́ta nílé? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

OmoTanke
Ẹ kú ilé o gbogbo ilé. Àwọn àbúrò mi méjì wá lo họ́lídè lọ́dọ̀ mi ní Tanke, láti Ìgbàjà ni wọ́n ti wá, ọkùnrin jẹ́ ọmọ ọdún 14, obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún 9. Látọjọ́ tí wọ́n ti dé, géèmù bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá, ẹ̀gbọ́n á fi góòlù méje na àbúrò, àbúrò á ju pádì sórí bẹ́ẹ̀dì, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a ó fi gbé oúnjẹ alẹ́ sílẹ̀. Ó ti sú mi. Géèmù tá a máa jọ wà lẹ́yìn ara wa ni mo ń wá, kì í ṣe èyí tá a máa fi na ara wa.

Ẹnìkan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló dárúkọ Trine fún mi, ó ní ẹni mẹ́ta lè gbá a pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan náà. Mo lọ wò ó lórí Steam, ọjà géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì, márùn-ún ni mo bá níbẹ̀! Mi ò mọ èyí tí ǹ bá mú. Lápútọ́ọ̀pù mi ò lágbára, RAM ẹ̀ 4GB ni, kò ní graphics card tirẹ̀. Pádì USB méjì ló wà nílẹ̀ pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù àti máòsì. Iná náà, ẹ mọ bó ṣe rí. Ẹni tó bá ti gbá a rí kó jọ̀ọ́ ràn mí lọ́wọ́, mi ò fẹ́ fowó ra ohun táwọn ọmọ ò ní fẹ́.

AlfaGeri
Trine 2. Mi ò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òun ló rẹwà jù, òun ló fún èèyàn láyè jù, kọ̀ǹpútà kékeré sì ń gbé e. Kí àwọn tó kù ṣì dúró ná.

EgbonOmuAran
Òótọ́ ni Àlfáà sọ, àmọ́ jẹ́ kí n là á yé ẹ kó o lè mọ ohun tó o fẹ́ fowó rà. Ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Frozenbyte ló ṣe gbogbo wọn, Helsinki ní Finland ni wọ́n wà. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 2009, ìkejì ní 2011, ìkẹta 2015, ìkẹrin 2019, ìkarùn-ún 2023. Àwọn mẹ́ta kan náà lẹ máa bá nínú gbogbo ẹ̀: Amadeus tó jẹ́ onídán, Pontius tó jẹ́ jagunjagun, àti Zoya tó jẹ́ olè. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò bára wọn tan tẹ́lẹ̀ o, ohun àràmàǹdà kan tí wọ́n ń pè ní Trine ni wọ́n fọwọ́ kàn, ọwọ́ wọn bá lẹ̀ mọ́ ọn, ló bá so ẹ̀mí wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tó o bá ń dá gbá a, ẹnìkan ṣoṣo lo máa rí lójú, wàá tẹ bọ́tìnì, onídán á wọlé, jagunjagun á jáde síbi tó dúró sí gẹ́lẹ́.

Tẹ́ ẹ bá wá pé méjì tàbí mẹ́ta, kálukú ló máa dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀, ìgbà yẹn ni ohun tó rọrùn tẹ́lẹ̀ máa yí padà di nǹkan míì. Jẹ́ ká ní kòtò kan wà níwájú yín, ẹ̀gún irin wà nísàlẹ̀, igi ńlá wà lókè. Tó o bá dá wà, Zoya á ju okùn ẹ̀ mọ́ igi yẹn (igi nìkan ni okùn ẹ̀ ń dì mọ́, kì í mú òkúta), á fi kọjá fìrì, gbogbo yín ti kọjá nìyẹn torí ara kan ni yín. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, Zoya ti dé òdìkejì o, onídán àti jagunjagun ṣì dúró sẹ́yìn tí wọ́n ń wò ó. Báwo ni wọ́n ṣe máa dé ọ̀dọ̀ ẹ̀? Ibẹ̀ ni géèmù yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi ti lo wákàtí kan gbáko rí síbi kòtò kan báyìí, a ò bínú síra wa, a kàn ń sọ pé "gbìyànjú èyí wò", "rárá, dúró ná, jẹ́ kí n gun orí ẹ̀".

Ohun tí mo sì fẹ́ràn jù lọ nínú ẹ̀ ni pé kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Géèmù míì, tí o kò bá rí ohun tí ẹni tó ṣe é ní lọ́kàn, o ti há síbẹ̀ nìyẹn. Trine 2 kì í bi ẹ́ léèrè bó o ṣe débẹ̀. Tó o bá to àpótí mẹ́ta lé ara wọn tó ń mì lẹ̀ǹgẹ̀ lẹ̀ǹgẹ̀ tó o sì fò kọjá lórí ẹ̀, o ti kọjá.

IjakadiOffa
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò sọ̀rọ̀ Pontius tó! Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, èmi ò lè jẹ́ kẹ́ ẹ fi jagunjagun wa sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé ìjà nìkan ló wà fún, pé tí kò bá sí ọ̀tá kó kàn máa tẹ̀ lé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Trine 2, tó bá gbé asà ẹ̀ sókè orí, ẹlòmíì lè dúró lórí asà yẹn kó fi fò gun ibi gíga. Èmi àti àbúrò mi ni a rí ìyẹn fúnra wa, àbúrò mi ló ń gbá Zoya, ó ṣèèṣì já lé mi lórí níbi tí mo ti ń fi asà bo orí torí nǹkan tó ń já bọ́ látòkè, ó ní "háà, bùrọ̀dá, mo dúró!" Látọjọ́ yẹn ni mo ti di àkàbà ilé wa. Òòlù ẹ̀ náà ń fọ́ ògiri tó ti sán. Fún ọmọ ọdún 14 yẹn ní Pontius, ó máa fẹ́ràn ẹ̀, torí àwọn ọmọkùnrin lọ́jọ́ orí yẹn fẹ́ kí nǹkan máa fọ́.

OniPadi_Taiwo
OmoTanke, ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni tèmi, pádì àti lápútọ́ọ̀pù ni mo ń tún ṣe ní Taiwo níbí. Lápútọ́ọ̀pù tèmi ò ju tìẹ lọ, Trine 2 ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀ tí mo bá bọ́ sí settings, mo dín resolution kù sí 720, mo pa anti-aliasing (tó ń mú kí etí àwòrán jọ̀lọ̀), mo gbé gbogbo nǹkan tó kù sí low. Ó ṣì rẹwà lójú bẹ́ẹ̀. Má gbé Trine 4 tàbí 5 sórí ẹ̀ o, á máa rìn bí ẹni tó ru ẹrù.

Ti pádì, ẹnìkan máa lo kíbọ́ọ̀dù àti máòsì, ẹni méjì tó kù á lo pádì. Àwọn pádì kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, géèmù kì í tètè dá wọn mọ̀ nígbà míì, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún ẹ pé ó ti bàjẹ́ kí o wá lọ ra òmíì. Wọ inú Steam, lọ síbi settings tí wọ́n kọ controller sí, kó o tan Steam Input fún un, kó o wá fi ọwọ́ ara ẹ tẹ bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan kó mọ ọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ní pé lórí ẹ̀.

Nǹkan kan tó ṣe pàtàkì: ẹni tó bá máa ṣe onídán ni kó di máòsì mú. Àpótí tí Amadeus ń fi idán ṣe, yíyà ni wàá yà á lójú afẹ́fẹ́, wàá fi máòsì fa ìlà bíi igun mẹ́rin, àpótí á jáde, tó bá jẹ́ ìlà gbọọrọ lo fà, pákó á jáde. Pádì náà lè ṣe é àmọ́ máòsì yá jù.

IyaIbeji_Fate
Ẹ kú ìjíròrò o. Ìyá ni mí, mo sì ń gbá géèmù pẹ̀lú àwọn ọmọ mi, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún ẹ, OmoTanke, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ọmọ kékeré yẹn ni kó o fún ní onídán. Mo mọ̀ pé ìwọ ló máa wù torí òun ló le jù, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń gbà á mọ́ra. Bó o bá gbà á, ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nìyí: ìwọ lo máa máa to afárá, ìwọ lo máa máa gbé àwọn ọmọ kọjá, wọ́n á kàn dúró bí ẹrù. Kò ní pẹ́ tí yóò fi sú wọn. Ó ṣẹlẹ̀ sí wa nílé, odidi ọjọ́ méjì ni mo fi rò pé àwọn ọmọ mi ò fẹ́ràn géèmù náà, àṣé èmi ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan nǹkan. Ọjọ́ tí mo gbé máòsì fún Táyé ni ilé yẹn kún fún ẹ̀rín.

Ọmọ tí wọ́n ti ń fi góòlù méje na ní bọ́ọ̀lù, tó bá wá jẹ́ pé òun ni ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń bẹ̀ pé "jọ̀ọ́ gbé mi kọjá", fojú inú wo bí inú ẹ̀ ṣe máa rí.

Ẹ tún jẹ́ kí n sọ èyí: Amadeus yẹn ṣe mí bí ẹni tí mo mọ̀. Nígbà tí Trine 2 bẹ̀rẹ̀ ó ti gbéyàwó, Margaret lorúkọ ìyàwó ẹ̀, wọ́n sì bí ìbẹ́ta. Ìbẹ́ta! Èmi tí mo bí méjì mo mọ ohun tí ojú mi rí. Gbogbo ohun tí bàbá yẹn ń fẹ́ láyé ni kó mọ bí wọ́n ṣe ń fi idán ju iná, kò sì mọ̀ ọ́n, àpótí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Àánú ẹ̀ máa ń ṣe mí.

AkekoPoly
Ẹ má wulẹ̀ jà lórí ẹni tó máa ṣe onídán jàre, Trine 2 ní ọ̀nà ìgbá kan tí wọ́n ń pè ní Unlimited, tẹ́ ẹ bá mú un, ẹni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè jẹ́ onídán lẹ́ẹ̀kan náà. Àwa mẹ́ta ní hostel la gbá a bẹ́ẹ̀. Àpótí kún gbogbo ojú iboju, ó dùn gan-an.

EgbonOmuAran
@AkekoPoly ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ẹ sọ òtítọ́ fún un, ṣé ẹ ronú rárá? Tí onídán bá pé mẹ́ta, kò sí kòtò tó lè dá yín dúró, torí ohun tí onídán ò lè ṣe láti ẹ̀dá ẹ̀ ni pé kò lè gbé ohun tí òun fúnra ẹ̀ dúró lé sókè. Ẹlòmíì lè dúró lórí àpótí kó gbé e fò lójú sánmà bíi ọkọ̀ òfuurufú, òun fúnra ẹ̀ ò lè gbé ara ẹ̀. Tí ẹ bá wá jẹ́ onídán mẹ́ta, ẹ kàn ń gbé ara yín ni, géèmù ti parí nìyẹn. Classic ni kí OmoTanke fi bẹ̀rẹ̀, kálukú mú ẹnìkan, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jọ ẹnìkejì. Tí wọ́n bá gbá a tán, wọ́n lè padà wá fi Unlimited ṣeré.

IyaIbeji_Fate
@EgbonOmuAran mo gbà pẹ̀lú yín lápá kan o ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ ọmọ ọdún 9 ni. Tó bá di pé ibì kan le tí ó fẹ́ sunkún, kí wọ́n yí i sí Unlimited fún ibẹ̀ nìkan kí wọ́n kọjá. Kò sí ẹni tó ń ṣe ìdánwò níbí.

OmoIgbomina
Gbogbo yín Trine 2, Trine 2. Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn Trine 3 ni? Èmi òun ni mo kọ́kọ́ gbá, wọ́n sọ ọ́ di 3D, o lè rìn wọ inú lọ o lè rìn jáde, kì í ṣe apá òsì àti apá ọ̀tún nìkan. Ìyẹn jọ mí lójú.

AlfaGeri
@OmoIgbomina àbúrò, ojú ẹ rí ohun tó dára, mi ò jiyàn ẹ̀. Àmọ́ wo ohun tí wọ́n yọ kúrò. Pákó ò sí mọ́. Àpótí kan ṣoṣo ni onídán lè ṣe. Kò sí pé o ń kó agbára jọ o ń fi kún ohun tí wọ́n lè ṣe, bí wọ́n ṣe wà níbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wà dópin. Àwọn ohun wúrà onígun mẹ́ta tó o gbọ́dọ̀ kó jọ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ìpele tó kàn, mo padà lọ wá wọn lẹ́ẹ̀mẹta mẹ́rin. Èyí tó dùn mí jù ni ìtàn ẹ̀. Kò parí! Ó dà bí ẹni tó ń pàlọ́ fọ́mọ, tí ìjàpá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra ńlé àna, tó kàn dìde lọ sùn. Ariwo pọ̀ lọ́dún 2015 yẹn, àwọn tó ṣe é náà sì jáde wá sọ pé ìtàn táwọn rò lọ́kàn ju owó tó wà lọ́wọ́ àwọn lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn pé wọ́n sọ ọ́. Ìkẹrin ni wọ́n fi padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀.

OmoIgbomina
Ti ìtàn yẹn, òótọ́ lẹ sọ Àlfáà. Ó dun èmi náà.

AbuleOro
Mo fẹ́ gbè sẹ́yìn Trine 4, kì í ṣe torí OmoTanke, torí ẹlòmíì tó bá ń ka èyí tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ lágbára tàbí tó ní ẹ̀rọ géèmù bíi PS4 tàbí Switch. Ẹni mẹ́rin ló lè gbá tìyẹn. Ohun tó ṣe tó wú mi lórí ni pé ó ń wo iye yín, ibi kan náà tí mo dá gbá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé wá bá mi, wọ́n ti yí i padà, wọ́n ti fi nǹkan kún un kí àwa méjèèjì lè ní iṣẹ́ ọwọ́. Zoya ibẹ̀ lè so okùn láti ara nǹkan kan mọ́ ara nǹkan míì, ẹ lè rìn lórí okùn yẹn. Ìtàn ọmọ ọba kan ni, Selius, tí àlákálàá ẹ̀ ń jáde wá sójú ayé. Àléébù ẹ̀ lójú tèmi ni pé ìjà ẹ̀ rí bákan náà níbi gbogbo: ibì kan á tì, ọ̀tá á jáde, ẹ pa wọ́n, ibẹ̀ á ṣí. Kò sì le tó Trine 2.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, òun wà l'Ékòó, èmi wà l'Órò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ń gbá a. Tí àwọn ọmọ yẹn bá padà sí Ìgbàjà, ẹ lè máa gbá a lọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ra á, Remote Play Together wà lórí Steam látọdún 2019, ẹnìkan tó ní géèmù ló ń fi àwòrán ránṣẹ́ sáwọn yòókù, wọn ò ní láti rà á. Àmọ́ ó ń jẹ dátà bí iná ṣe ń jẹ koríko gbígbẹ, torí fídíò ló ń fi ránṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Tí kálukú bá ra tirẹ̀, dátà tí géèmù fúnra ẹ̀ ń jẹ kéré gan-an. Alẹ́ lẹ́yìn aago 11 ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń dáa lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ò ṣe é dán wò.

OniPadi_Taiwo
Àti pé tó ò bá kánjú, dúró kí Steam já owó ẹ̀ wálẹ̀, Trine kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń já a. Wọ́n tún ní Trine: Ultimate Collection tó kó mẹ́rin àkọ́kọ́ pọ̀.

OmoTanke
Ẹ ṣeun púpọ̀ gbogbo yín, Ọlọ́run á san án fún yín. Trine 2 ni mo rà. Mo ti fẹ́ gba onídán fún ara mi tẹ́lẹ̀ (ìyá mi, ẹ̀yin lẹ dá mi dúró, @IyaIbeji_Fate), mo gbé máòsì fún àbúrò mi obìnrin, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ mú Pontius, èmi mú Zoya.

Jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ. Ìdajì wákàtí àkọ́kọ́, àbúrò mi obìnrin ò yà ju àpótí tó ń jábọ́ lé wa lórí lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ti ń fi imú fẹ̀, mo ṣẹ́jú sí i pé kó dákẹ́. A wá dé ibì kan, pèpéle òkúta kan ga ju ohun tí jagunjagun lè fò dé lọ. Mo ti fi okùn gòkè lọ, mo dúró lókè ń wò wọ́n. Ọmọbìnrin náà dákẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ fi orí kan iboju. Ó wá ya àpótí kan sílẹ̀ rọra, ó ní "Bùrọ̀dá, gun orí ẹ̀, má mira o." Ọmọ ọdún 14 gun orí ẹ̀. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e sókè, díẹ̀ díẹ̀, ahọ́n ẹ̀ ti yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bí ìgbà tó bá ń kọ orúkọ ẹ̀ sínú ìwé, àpótí yẹn ń mì, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń kígbe "rọra, rọra, Bàbá Onídán, rọra", ó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi gẹ́lẹ́. Àwọn méjèèjì fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n mú iná lọ, lápútọ́ọ̀pù ṣì ní bátìrì, a gbá a nínú òkùnkùn títí ó fi kú.

Ẹ sì wo bí ibẹ̀ ṣe rẹwà! Olú tó tóbi ju ilé, ìgbín tó ga ju èèyàn lọ, omi tó ń dà látorí òkè. Àbúrò mi ní ó dà bí omi Òwù tí wọ́n kó wọn lọ wò nílé ìwé. Orin ẹ̀ pàápàá, mo jẹ́ kó máa dún kí n tó tẹ ohunkóhun.

Ìṣòro tó kù: ẹ ti sọ ọ́ pé onídán ò lè gbé ara ẹ̀. A há síbi kòtò kan báyìí. Ó ti gbé wa kọjá, òun nìkan ló ṣẹ́ kù sẹ́yìn. Mo ní kó kàn bọ́ sínú kòtò yẹn kó kú, pé tá a bá fọwọ́ kan crystal tó wà níwájú á jí, ó ní láéláé òun ò ní kú, pé ṣé lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ tóun ṣe. Kí la máa ṣe?

AlfaGeri
Orin yẹn, Ari Pulkkinen ló ṣe é, òun náà ló ṣe orin Angry Birds. Nígbà míì mo máa ń fi ṣiṣẹ́ lálẹ́.

EgbonOmuAran
Ọmọ yẹn gbọ́n, ẹ má fipá mú un kú. Ohun tí ẹ máa ṣe: àwọn òṣùwọ̀n agbára (skill points) tẹ́ ẹ ti ń kó jọ, ẹ ti ná an sí ibo? Mo dájú pé ẹ ti fi fún Zoya àti Pontius, ọfà iná àti jíju òòlù, torí ìyẹn ló wu ojú. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ padà. Trine 2 gbà yín láyè kẹ́ ẹ kó ó kúrò lára ẹnìkan kẹ́ ẹ fi sára ẹlòmíì nígbà tó bá wù yín, kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ da gbogbo ẹ̀ sórí Amadeus kó lè ṣe pákó, kó sì lè ṣe ju ohun kan ṣoṣo lọ lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà kó ju àpótí sínú kòtò, kó fi pákó lé e, kó rìn kọjá. Tí kòtò bá fẹ̀ jù, kẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lódìkejì dúró lórí orí pákó tó wà lọ́dọ̀ yín kó má bàa yí, ìwọ̀n ara yín ń ṣiṣẹ́ nínú géèmù yẹn, pákó tí ẹnìkan tẹ̀ mọ́lẹ̀ kì í tètè fò.

IjakadiOffa
Ìyẹn ni pé kí Pontius dúró lórí pákó o! Òun ló yẹ fún un.

IyaIbeji_Fate
"Láéláé òun ò ní kú." Ọmọ mi nìyẹn. Ẹ bá mi kí i.

OmoTanke
Ẹ̀gbọ́n, a ti kọjá!! A kó gbogbo agbára padà bẹ́ ẹ ṣe wí, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ráhùn díẹ̀ torí òòlù ẹ̀, àmọ́ ó gbà. Àpótí àkọ́kọ́ yí dànù, èkejì dúró ní ẹ̀gbẹ́, ó fi pákó lé e, òpin pákó yẹn kan etí òkúta lọ́dọ̀ wa díẹ̀ báyìí, bíi ìka méjì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ dúró lórí ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un. Ó rìn kọjá, kò sáré, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn ẹsẹ̀ kan, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa ó gbé máòsì sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ mu omi.

Wọ́n ń padà sí Ìgbàjà lọ́jọ́ Sunday, a ò tíì parí ẹ̀. Mo ní ká gbìyànjú ti orí íntánẹ́ẹ̀tì tí AbuleOro sọ, wọ́n ní rárá, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ò dáa, pé Iléyá làwọn máa wá parí ẹ̀. Àbúrò mi obìnrin ti fi báírò kọ ọ́ sórí pépà, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn lápútọ́ọ̀pù mi: "Ẹ MÁ GBÁ A LÁÌSÍ ÈMI." Nísàlẹ̀ ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi kún un: "àti èmi."

AbuleOro
Má gbá a o. Tó bá ń ṣe ọ́ bíi kó o gbá nǹkan kí wọ́n tó dé, ra Trine àkọ́kọ́, dá gbá a, kò wọ́n. Àmọ́ ìpele tó kẹ́yìn ẹ̀, Tower of Sarek, òkúta yíyọ́ tó gbóná bí iná ló ń gòkè bọ̀ lẹ́yìn ẹ bó o ṣe ń gun òkè lọ, gbọ́n ara ẹ sí i, ìṣẹ́jú kan ni wàá dúró ronú tí á ti bá ẹsẹ̀ ẹ. Onídán ni kó o fi to nǹkan síwájú, Zoya ni kó o fi sá.